Kí Ọmọ Ajá Lè Pé Ọdún Kan Nílé Yín: Ìtọ́sọ́nà fún Àwa Tá À Ń Sin Ajá ní Ìkòròdú

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá àgbà kan gbé ọmọ ajá wá bá mi láti Igbógbó nínú abọ́ ìfọṣọ. Wọ́n fi ìborùn wọn bò ó. "Dókítà, ẹ gbà mí," ni wọ́n wí, "àná ló ṣì ń bá àwọn ọmọ sáré kiri." Mo gbé ètè ajá náà sókè, erìgì rẹ̀ funfun bí ẹfun. Mo ṣí etí rẹ̀ wò, eégbọn tò síbẹ̀ bí ẹ̀wà tí wọ́n dà sínú àwo, àwọn mìíràn ti mu ẹ̀jẹ̀ yó débi pé wọ́n tóbi tó èékánná ìka mi. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, ajá náà ti kú.

"Màmá, kì í ṣe àná ló bẹ̀rẹ̀," ni mo sọ fún wọn. Ó ti pẹ́ tí eégbọn ti ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Màmá yìí fẹ́ràn ajá wọn, mo rí i lójú wọn. Kò sí ẹni tó fi hàn wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń yẹ ajá wò ni. Nítorí wọn ni mo ṣe jókòó kọ èyí, fún ará Ìkòròdú láti Ṣàbó dé Ìjẹ̀dẹ́, láti Màjídùn dé Ìmọta. Ní àwọn àdúgbò tuntun wa tí ilé ṣì jìnnà síra, ajá tó ń ṣọ́lé ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìdílé rí oorun sùn lóru.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ má ra ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Èyí tí wọ́n já lẹ́nu ọmú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé kì í lókun tí yóò fi bá àìsàn jà. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n bí i sí kí ẹ rí ìyá rẹ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣepin, ẹ wo imú rẹ̀ bóyá ikun ń jáde níbẹ̀, ẹ gbé ìrù rẹ̀ sókè kí ẹ wò ó bóyá ìgbẹ́ lẹ̀ mọ́ irun ìdí rẹ̀. Bí ikùn rẹ̀ bá wú róbótó tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ síta, aràn ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè káàdì abẹ́rẹ́. Ajá àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà, kí n tó kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹni tó tà á fún mi búra pé ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́. Ó fún mi ní káàdì tí wọ́n fi bírò kọ déètì sí, mo sì gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún ajá náà kọ oúnjẹ. Lọ́jọ́ kẹfà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ìgbẹ́ rẹ̀ sì di ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá gbé káàdì síwájú mi, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá ni lébẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n máa ń bó lára ìgò abẹ́rẹ́ lẹ̀ mọ́ káàdì, tí orúkọ abẹ́rẹ́ àti nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ìbuwọ́lùwé àti òǹtẹ̀ dókítà gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe dókítà ẹranko ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ láìtijú, ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ kì í bínú sí ìbéèrè yẹn.

Tí ẹ bá ti gbé e délé, ẹ jẹ́ kó sinmi ní ọjọ́ kan, kí ẹ máa fún un ní irú oúnjẹ tó ń jẹ níbi tó ti wá, lẹ́yìn náà ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára

Ìgbà tí ọmọ ajá bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ yìí ló ń bá pávò (àìsàn tó ń mú ọmọ ajá bì, tó sì ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀), distemper (àìsàn tó ń ba èémí àti ọpọlọ ajá jẹ́), àìsàn ẹ̀dọ̀ àti àìsàn inú ìtọ̀ eku jà. Wọ́n á tún un fún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n á sì máa tún un bẹ́ẹ̀ títí ajá náà yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ti dìgbòlugi dá dúró ní tiẹ̀: bó bá ti pé oṣù mẹ́ta ló ń gbà á, ọdún kan lẹ́yìn náà ó tún gbọ́dọ̀ gbà á, kí ẹ sì máa tẹ̀ lé déètì tí dókítà bá kọ sí káàdì láti ìgbà náà lọ.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé, "Dókítà, kí ló dé tí ẹ fi ń tún abẹ́rẹ́ kan náà gún? Ṣé owó lẹ̀ ń wá ni?" Ìdí rẹ̀ rèé. Nígbà tí ọmọ ajá bá mu ọmú àkọ́kọ́ tí ìyá rẹ̀ sun lẹ́yìn ìbí, ó ń mu ààbò ìyá rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ààbò yẹn kì í mọ̀ pé oore ni abẹ́rẹ́ wa wá ṣe, ṣe ló máa ń gbógun tì í kó tó ṣiṣẹ́. Lára ọmọ ajá kan, ààbò ìyá lè tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, lára òmíràn ó lè di ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Kò sí ẹni tó lè fojú wò ó mọ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi ń tún un gún, kí ọ̀kan nínú wọn lè bọ́ sí àsìkò tí ọ̀nà ṣí. Ajá tó gba ẹyọ kan ṣoṣo tí olówó rẹ̀ sì dúró síbẹ̀, bí ẹni tí kò gbà ló rí. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn ni kó tó máa jáde sí àdúgbò.

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa abẹ́rẹ́ yìí: inú fíríìjì ló ń gbé, láàárín ìwọ̀n otútù 2 sí 8 lórí Celsius. Gbogbo wa la sì mọ bí iná mọ̀nàmọ́ná ṣe ń ṣe wá. Ẹ bi dókítà yín pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ fi ń mú fíríìjì abẹ́rẹ́ yín tutù tí kò bá sí iná?" Kó fi sólà tàbí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ hàn yín. Bó bá ń gbé e bọ̀ wá sílé yín, inú kúlà tí yìnyín wà ni kó ti yọ ọ́. Ẹni tó bá fi láílọ́ọ̀nù gbé abẹ́rẹ́ lórí ọ̀kadà nínú oòrùn ọ̀sán, omi lásán ló fẹ́ gún ajá yín.

Pávò ló ń pa ọmọ ajá jù níbí. Ẹ ó rí i tó dákẹ́, tó kọ oúnjẹ, tó ń bì, kó tó di pé ìgbẹ́ rẹ̀ di omi ẹlẹ́jẹ̀ tó ń rùn lọ́nà tí ẹ kò ní gbàgbé. Tẹ́ ẹ bá ti rí méjì nínú àmì wọ̀nyí, ẹ gbé e dìde lọ́jọ́ náà gan-an. Omi ara rẹ̀ tó ń gbẹ ló ń yára pa á, omi tí wọ́n ń fà sínú iṣan ló sì ń gbà á là. Ẹ má ṣe da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu; ajá tó ń bì lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kòkòrò pávò lè wà nínú iyẹ̀pẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ó lè tó ọdún kan. Bí ọmọ ajá bá ti kú báyìí nínú ọgbà yín, ẹ fi omi Hypo ìwọ̀n kan sínú omi ìwọ̀n ọgbọ̀n, ẹ fọ ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì àti abọ́ rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí omi náà wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iyẹ̀pẹ̀ kò ṣeé fọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbé ọmọ ajá mìíràn tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ pé wá sójú ibẹ̀ kí ọdún tó yí po.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́nà Màjídùn, tí omi máa ń wọ ilé yín lóṣù September àti October, ẹ má fi abẹ́rẹ́ àìsàn inú ìtọ̀ eku ṣeré. Ìtọ̀ eku máa ń bá omi yẹn rìn. Ajá tó bá kó o, ojú rẹ̀ lè pọ́n yẹ́lò bí àtalẹ̀ pupa, ó sì lè kó o ran ẹni tó ń gbá ìtọ̀ rẹ̀ nù.

Ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́jọ́ Sátidé

Iṣẹ́ yìí kò gba owó. Ká ní ìyá àgbà Igbógbó ń ṣe é ni, ó ṣeé ṣe kí ajá wọn ṣì wà.

Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ fi ajá sáàárín ẹsẹ̀ yín. Ẹ gbé ètè òkè rẹ̀ sókè kí ẹ wo erìgì rẹ̀. Ó yẹ kó rí bí inú àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí ojú ibẹ̀ yóò fi funfun, kí ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò. Kí ẹ tó ka "ení, èjì" tán, ó yẹ kí pupa ti padà. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, tàbí tó funfun láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ti dín lára rẹ̀. Àwọn ajá kan wà tí erìgì wọn dúdú. Tiwọn, inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ẹ ki ìka yín bọ inú etí, abẹ́ abíyá, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti abẹ́ ìrù. Ibẹ̀ ni eégbọn ń sá sí. Ẹ fi ọwọ́ pa egungun ìhà rẹ̀: ó yẹ kí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n, kí ojú má sì tètè rí i.

Ìgbóná ara ajá tó dá ṣáṣá máa ń wà láàárín 38.3 sí 39.2 lórí Celsius, ó gbóná ju tiwa lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ọwọ́ kan ajá tó sì sọ pé "ibà ń ṣe é", ìfura lásán ni. Ẹ ra tẹmómítà olówó pọ́ọ́kú, ẹ fi Vaseline sí ẹnu rẹ̀, ẹ rọra tì í bọ ihò ìdí rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ dúró títí yóò fi dún. Bó bá kọjá 39.5 tí ajá náà sì rọ̀, ẹ pe dókítà. Imú tó gbẹ nìkan kò fi hàn pé ara rẹ̀ kò yá.

Mo mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ilé wa ní Ìkòròdú, itọ́ ajá kò gbọdọ̀ kan aṣọ ìrun. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ ya aṣọ kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà, tàbí kí ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa ṣe é. Ajá tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ilé, tí ọwọ́ ènìyàn kì í kàn láti oṣù dé oṣù, ni eégbọn ń jẹ títí kí olówó rẹ̀ tó mọ̀.

Eégbọn

Tí ẹ bá rí ẹyọ kan, ẹ mú ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń tu irun ojú. Ẹ fi gbá a mú níbi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ inú awọ ajá, kí ẹ má fún ikùn rẹ̀. Ẹ fà á jáde gbọọrọ láìjá a lójijì, kí orí rẹ̀ má bàa kù sínú. Ẹ jù ú sínú sípírítì tàbí omi ọṣẹ tó le. Ẹ má fi ìka tẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹ má sì fi iná sìgá tàbí kẹrosíìnì lé e. Ṣe ló máa ń pọ oró inú rẹ̀ sára ajá.

Eégbọn yìí máa ń gbé kòkòrò sínú ẹ̀jẹ̀. Àmì rẹ̀ ni ibà, àárẹ̀, erìgì tó ń funfun, àti ìtọ̀ tó pọ́n dúdú bíi kọfí. Ìtọ́jú rẹ̀ wà, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́ ẹ bá tètè dé. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Lílé e lára ajá nìkan kò tó. Eégbọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó máa ń já bọ́, á gun ògiri, á wọ inú ihò búlọ́ọ̀kù tí wọn kò rẹ́ lọ yé ẹyin. Ẹyin tí ẹyọ kan ń yé lè tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ẹ wo ilé ajá yín dáadáa, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń gbé ilé tí wọn kò tíì parí: ẹ dí gbogbo ihò yẹn, ẹ ko àwọn àkísà tó ń sùn lé jáde kí ẹ sun wọ́n, kí ẹ gé koríko ọgbà mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí dókítà fún yín ní oògùn tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn tàbí èyí tó ń jẹ. Ìwọ̀n ara ajá ni wọ́n fi ń wọn oògùn yìí, ẹ má bá aládùúgbò pín tirẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi òtapíapíà wẹ ajá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì. Òtapíapíà máa ń gba awọ wọlé. Láàárín wákàtí díẹ̀, itọ́ á máa da, ara á máa gbọ̀n, ẹyinjú á kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣe é, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ara rẹ̀, kí ẹ máa gbé e bọ̀ pẹ̀lú ìgò oògùn náà lọ́wọ́, kí dókítà lè mọ ohun tó fẹ́ bá jà. Abẹ́rẹ́ màlúù (ivermectin) tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọjà náà ńkọ́? Nínú ọwọ́ ẹni tí kò mọ ìwọ̀n, ó ń fọ́ ajá lójú, ó sì ń pa á.

Aràn, oúnjẹ àti ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ

Láti inú ìyá ni ọmọ ajá ti ń gbé aràn wá sáyé. Oògùn aràn bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì títí dé ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù títí dé oṣù kẹfà, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹyin aràn inú rẹ̀ lè dé ọwọ́ ọmọ tó ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré, á sì gba ẹnu wọlé, nígbà mìíràn á lọ ba ojú ọmọ náà jẹ́.

Ajá lè jẹ ìrẹsì, ẹ̀bà díẹ̀, ẹja tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀, ẹyin bíbọ̀, ẹran. Ẹ kọ́kọ́ bù tirẹ̀ kí ẹ tó da àlùbọ́sà, ata àti magí sí ìsebẹ̀, nítorí àlùbọ́sà, tútù tàbí sísè, máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ṣokoléètì, èso àjàrà, àti ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà ń ṣe é ní jàǹbá. Egungun adìyẹ tí ẹ ti sè máa ń ṣẹ́ ṣóńṣó nínú ìfun rẹ̀. Ara ajá tó bá ń ro ó kò túmọ̀ sí pé kí ẹ fún un ní parasítámọ̀ tàbí ibuprofen tẹ́ ẹ fi ń tọ́jú orí fífọ́ yín. Oògùn eku, ẹ tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Omi tútù nínú abọ́ tí kò lè dojú dé, tọ̀sán-tòru. Èmi kò gba ẹnikẹ́ni ní Ìkòròdú nímọ̀ràn láti sin irú ajá ńlá onírun kíki tí wọ́n ń pè ní Caucasian, àyàfi ẹni tó lè wá ibi tútù fún un. Tí ẹ bá rí ajá tó ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́ nínú oòrùn, tí ahọ́n rẹ̀ pọ́n gan-an, tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ẹ gbé e lọ síbòji, ẹ da omi lásán sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ajá tó bá rí mọ́tò tó dúró dè é, ara rẹ̀ ló fi ń bọ Ògún, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù kò yẹ fún ajá tí kò sí lórí ṣéènì. Tó bá di December tí àwọn ọmọ ń yin bánga, ẹ ti ajá mọ́ inú ilé. Ìbẹ̀rù máa ń mú un fo fẹ́ǹsì.

Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ

Ibi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Dìgbòlugi, tó bá ti fi àmì rẹ̀ hàn lára ènìyàn, ikú ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà tí ajá bu ènìyàn jẹ sí ìgbà tí àmì máa ń yọ, àyè wà, ó sábà máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta. Nínú àyè yẹn ni a ti ń gba ẹ̀mí là.

Lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wo aago, torí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ nígbà tí ọmọ ń ké. Ẹ má fi àgúnmu, epo pupa, irun ajá tàbí iyọ̀ sí i. Ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, kí ẹ sọ fún wọn pé ajá ló bu yín jẹ, kí ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Kì í ṣe tẹtánọ́ọ̀sì nìkan. Bí ọgbẹ́ bá jìn, wọ́n á tún fi oògùn mìíràn sójú ọgbẹ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ yìí máa ń ju ẹyọ kan lọ. Ẹ pa gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá kọ fún yín mọ́, bí ọgbẹ́ bá ti jiná pàápàá.

Ẹ má yára pa ajá náà, bí ẹ bá lè tì í mọ́ ibi kan láìléwu. Ọjọ́ mẹ́wàá la fi ń ṣọ́ ọ. Ẹ fún un ní omi àti oúnjẹ láti ìta, ẹ má fi ọwọ́ kàn án, kí ẹ sì pe dókítà ẹranko wá wò ó. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, tí ẹnu rẹ̀ ń yọ fófó, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ sọ fún dókítà ní wákàtí yẹn gan-an. Bó bá pé ọjọ́ kẹwàá tó ṣì ń jẹun, tó ń gbó, tó ń jù ìrù fún yín, ẹ gbé ìròyìn náà lọ bá àwọn ọsibítù tó ń fún yín lábẹ́rẹ́. Àwọn ló máa sọ bóyá kí abẹ́rẹ́ tó kù dúró.